Pákó Mẹ́rìnlélógún

Ìwé òfin dé láti olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì,
ojú ewé mọ́kànlá, òǹtẹ̀ pupa nídìí rẹ̀:
kí gbogbo ilé ìjọba ó ṣeé wọ̀ fún gbogbo ènìyàn.
Ẹnu dùn í ròfọ́; òfin náà dùn í kọ.
A tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ife kọfí ní ọ́fíìsì wa ní Duluth,
ó sì sun oṣù mẹ́jọ síbẹ̀.

Òfin ò lẹ́sẹ̀.
Vernelle Skogstad lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni ò gbé e.
Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà níwájú gbọ̀ngàn ìdìbò.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé e gòkè bí àpò ànàmọ́,
ọkùnrin méjì, ọ̀kan ń mí hẹlẹ,
tí gbogbo ìlà ń wò, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ò wò.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní rárá.
Ó jókòó sínú yìnyín lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀:
"Kí àpótí yín sọ̀kalẹ̀ wá bá mi."

Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá rántí ìwé abẹ́ ife.
Èmi ni wọ́n rán. Káfíńtà ni mí, n kì í ṣe lọ́yà.
Pákó mẹ́rìnlélógún, ìṣó ò lóǹkà,
òtútù adágún ń bù mí ní ìka jẹ.

Yìnyín yọ́, ìdìbò mìíràn dé.
Ó yí kẹ̀kẹ́ gòkè, kò kí mi,
ó dúró láàárín, ó gbá irin ìdìmú:
"Eléyìí ń mì."
Mo kúnlẹ̀, mo tún un dè.

Ó wọlé, ó jáde.
Kò sọ ẹni tó dìbò fún.
Èmi náà ò bèèrè.