Ìkòkò Tí Adìẹ Ń Yé Sí

Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀rà, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
Àwẹ̀ró, ìyá tó bí bàbá mi, kì í jókòó mọ ìkòkò.
Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn,
á yí i po, á yí i po,
bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù sínú koríko.
Èmi ni mo ń ru amọ̀ bọ̀ láti etí odò,
ọmọ ọdún méje, ọrùn mi wọ èjìká.
Wọ́n ní, "Oyèkànmí, iṣẹ́ obìnrin lò ń ṣe yẹn."
Ọwọ́ mi kò tíì mọ̀ pé ọkùnrin ni òun.

Ọdún tí kẹ́ẹ̀gì dé Ọjà Jàgùn,
ó já lulẹ̀, kò fọ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.
Àmù mẹ́tàdínlógún sùn síbi ìpàtẹ.
Àwẹ̀ró rù wọ́n padà sílé, kò sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kejì
òun náà ra kẹ́ẹ̀gì kan.

Mo lọ pólì. Wọ́n fún mi ní kẹ̀kẹ́ tí ń pòòyì:
amọ̀ ló ń yí, èmi ni mo jókòó.
Iná àkọ́kọ́ tí mo dá fúnra mi,
ìkòkò mẹ́tàlélógójì wọ ìléru,
márùn-ún ló jáde ní odindi.
Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò bi ìdí léèrè.

Mo fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní Másífá,
owó oṣù mẹ́ta, ìlérí oṣù mẹ́sàn-án.
Mo mọ ìkòkò òdòdó fún báǹkì.
Mo mọ àwo fún òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò tíì sanwó,
àná ni mo tún pè wọ́n.
Òru nìkan ni mo fi ń mọ ti ara mi,
àmù ọlọ́rùn méjì,
ikùn wọn lu jára bí ajere.

Níbi ìpàtẹ kan n'Íbàdàn, obìnrin kan bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe? Kò lè gba omi."
Mo ní, ìyá kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn.
Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó tún yí i po.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà ló san.
Mo ka owó náà nínú ọkọ̀ títí dé Ọ̀yọ́,
mo tún un kà títí dé Tàkìé,
mo sì ń ronú kan àmù mẹ́tàdínlógún.

Èyí tí kò tà, mo gbé e padà sílé,
mo gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò.
Ní Sátidé, oníṣòwò kan ti Èkó dé, ó ní òun gan-an lòun fẹ́.
Adìẹ màmá mi ti sàba lé ẹyin mẹ́jọ nínú rẹ̀.
Ọkùnrin náà ń ka owó. Màmá mi ń ka ọjọ́.
"Ó ku mọ́kànlá," ni màmá mi wí,
"ẹ padà wá."
Ó wo ojú mi.
Èmi ń wo adìẹ.