Ìbọ̀sẹ̀ Kalẹ́ńdíò

Ní bèbè Dánúbù, níbi tí omi ti ń dì bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná,
Dobríńkà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré,
ó ń hun ìbọ̀sẹ̀.
Abẹ́rẹ́ méjì ń sọ ara wọn lẹ́nu bí ọmọ adìyẹ.
"Ta lò ń hun ún fún, ìyá?"
"Fún ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́.
Òun náà á fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn."

Mo béèrè ìtàn. Kò gbójú sókè.

Ó ní ṣọ́jà ni,
ọmọ Róòmù nínú ìwé, ọmọ darandaran nínú ẹ̀jẹ̀.
Ìṣọ́ òru ni wọ́n máa ń yàn án sí
torí kì í tòògbé, torí kì í ráhùn.
Àwọn mẹ́jọ ló ń pín àgọ́ kan,
àwọn mẹ́jọ ló ń pín ìkòkò kan,
ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, ẹsẹ̀ méjì péré
ló wà láàárín òun àti Mukapo:
ẹni tó bá ń ṣọ́nà ló ń wọ̀ ọ́,
ẹni tó bá ń sùn, kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà.

Ọjọ́ ìbí Késárì pé.
Balógun ọ̀rún gbé àwo iná kalẹ̀ lórí yìnyín.
Hóró tùràrí kan ṣoṣo,
kò tó iyọ̀ tí à ń bù sẹ́yin,
jù ú síná, kí o lọ jẹun.
Ọ̀kan jù ú. Èkejì jù ú.
Mukapo jù ú, ojú rẹ̀ wà lára ẹran tí wọ́n ń yan.
Ó kan Kalẹ́ńdíò.
Ó wo hóró náà títí
bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́,
ó sì dá a padà sínú àwo, jẹ́ẹ́.

Kò wàásù. Àwọn ajẹ́rìíkú mìíràn wàásù;
akólòlò ni tiwa.
Ó kàn tú àmùrè ogun nídìí,
ó ká a, ó gbé e síwájú balógun:
"Mo ti... mo ti ní Ọ̀gá."
Àmùrè yẹn kanlẹ̀, kò dún ju kí ológbò bẹ́ sílẹ̀ lọ.
Gbogbo odi gbọ́ ọ.

Wọ́n lu yìnyín odò, ihò tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn.
Mukapo ni wọ́n fún ní okùn:
ẹni tó mọ̀ ọ́ jù ni kó sìn ín sọ́nà.
Kalẹ́ńdíò bẹ̀rẹ̀,
ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ọ̀kan, èkejì,
ó nà án sí i.
"Ìwọ lo... ìwọ lo ń ṣọ́ òru òní."

Ibẹ̀ ni ohun tí Dobríńkà mọ̀ parí sí.
Èyí tó kù, kálukú ló ń hun tirẹ̀ mọ́ ọn:
wọ́n ní yìnyín kò tún dì níbi ihò náà mọ́,
wọ́n ní lọ́dún tó tẹ̀lé e
Mukapo náà dá hóró tirẹ̀ padà.

Ta ló wá fi í jẹ aláàbò ẹsẹ̀ dídì?
Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù kankan.
Apẹja kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú;
aṣọ́bodè tẹ̀lé e,
lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru,
tó ní bàtà òun ń jò, òun ò sì lè ráhùn létí aláìsàn.
Ìṣó mọ́kànlá ló wà lára ilẹ̀kùn.
Òtútù ń mú ọ, mú. Ara rẹ yá, fi kọ́.
Lánàá, ọmọkùnrin kan tí kò níwèé
ti òdìkejì odò wọlé, ó mú aláwọ̀ pupa, ó lọ.
Dobríńkà rí i. Ó kàn yí òwú rẹ̀ padà.

Ó na èyí tó ń hun, ó fi wọn ẹsẹ̀ èmi àlejò.
"Ó gùn jù," ló wí,
ó sì tú ìlà mẹ́ta.