Ìwọ Ta Nìyẹn?

Aago mẹ́rin ààbọ̀. Iná ti lọ láti àná,
Bọ́lọ́rundúró dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo so okùn bàtà, mo tún un so,
nítorí ẹyọ kan tó tú lọ́jọ́sí
ló fi eyín iwájú mi han ọ̀dà.

Dókítà ló ní kí n máa sáré.
Èmi nọ́ọ̀sì tí mò ń wọn ìfúnpá fún tilé-toko,
ọjọ́ tí wọ́n wọn tèmi, ẹ̀rọ náà pariwo.
Ọ̀sán kò gbà mí. Ìrọ̀lẹ́ ń kọ́? Ọmọ, ọbẹ̀, ìyá ọkọ.
Ìdájí nìkan ló ní àyè,
ṣùgbọ́n ìdájí kò ní ojú.

Mo mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe.
Wọ́n ń gbé e wá bá wa ní Wẹ́sílì
lórí pákó, lẹ́yìn ọ̀kadà,
pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.
Awakọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ lérí:
"Nọ́ọ̀sì, mi ò rí i. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí i."
Mo máa ń gbà á gbọ́.
Aṣọ dúdú, ọ̀dà dúdú, òru dúdú:
kí ni kí ojú dì mú?

Mo tọ Ìlúfóyè télọ̀ lọ ní Ẹrẹ́jà.
Ó tú ẹ̀wù òṣìṣẹ́ ojú-pópó kan tó ti gbó,
ó gé ọ̀já rẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà,
ó rán an sí mi láyà, ó rán an sí mi lẹ́yìn,
ó wé ìyókù mọ́ mi ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì.
Ó ní, "Ohun tó ń lọ sókè-sódò lojú awakọ̀ ń tètè mú."
Mo fi tọ́ọ̀ṣì dé e lórí.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mọ́tò yà fún mi. Èèyàn ni wàhálà.
Àwọn ọmọ oníbúrẹ́dì ń ti ọmọlanke bọ̀,
wọ́n rí iná kan lókè, ìlà funfun nísàlẹ̀,
kò sí ara láàárín.
"Iwin o! Iwin Bọ́lọ́rundúró o!"
Búrẹ́dì yí lọ sínú gọ́tà.
Mo sá tẹ̀lé wọn láti ṣàlàyé,
ìyẹn ló wá burú jù.

Ní Ìsọ̀kùn, Bàbá Arówójobẹ̀ ọdẹ dábùú ọ̀nà,
ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n:
"Ìwọ ta nìyẹn?"
Òru kò mẹni ọ̀wọ̀ lóòótọ́:
nọ́ọ̀sì àgbà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin,
mo di "ìwọ" lójú títì.
"Kí ló ń lé ọ?"
"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bàbá."
Ó wo ẹ̀yìn mi títí, kò rí i.
Ó ní, "Tètè máa lọ, kó má bá ọ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹnu kún iná.
Apá òsì ni mò ń gbà, kí n lè kọjú sí ohun tó ń bọ̀.
Etí mi ṣí, mi ò fi orin dí i.
Bí mo bá rí òjìji, màá ti òkèèrè ké:
"Ẹ kú ìdájí o! Èmi ni o!"
Iná ń sọ pé nǹkan ń bọ̀.
Ìkíni ló ń sọ pé ọmọ èèyàn ni.
(Mo san owó búrẹ́dì mẹ́jọ. Ìyá Iwin ni wọ́n ń pè mí báyìí.)

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀dì kẹfà:
ọmọkùnrin kan tó ń sáré ìdájí bíi tèmi,
jésì dúdú, ẹsẹ̀ nínú símẹ́ńtì funfun.
Mo gbàgbé láti tú ọ̀já ẹsẹ̀ mi kí n tó wọṣẹ́.
Tọ́ọ̀ṣì ẹnìkan kọjá, ó kọ yẹ̀rì.
"Màámi, níbo lẹ ti rí i?"
Mo tú ọ̀kan, mo wé e mọ́ símẹ́ńtì náà,
ẹsẹ̀ tí kò tíì lè lọ sókè-sódò.
Àwọn tó ń kọjá lóru kò fi ara gbá a mọ́.

Ìlúfóyè lọ sí ìsìnkú, kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di Ọjọ́rú.
Lọ́la, ẹsẹ̀ kan ni yóò tàn.
Màá kí wọn léèmejì.