Fọkanáísà àti Pupayẹmí

Tíṣà Ládiméjì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìlá,
ó jẹ mí lówó táyà mẹ́ta,
ó gbé ẹja kan sílẹ̀ nínú àpótí gíláàsì pé kí n fi dípò.
Pupa ni, kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ,
ìrù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé.
Àṣàbí ọmọ mi sọ ọ́ ní Pupayẹmí.

Èmi kò mọ̀ pé omi ní ọjọ́ orí.
Mo rí i pé omi náà ti pọ́n díẹ̀, mo dà á nù pátá,
mo pọn ti ẹ̀rọ, tuntun, tútù, mo fi rọ́pò.
Mo fún un ní búrẹ́dì, mo tún fún un,
bí ẹni ń ṣe àlejò.
Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí hóró funfun lára ìrù rẹ̀.
Mo rò pé gààrí ni.
Ṣùgbọ́n gààrí kì í bá ẹja sáré.

Ó ń fi ìhà ha òkúta bí ewúrẹ́ tó ní èkúrú,
ó ń wá sókè, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé,
bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tó sì gbàgbé.
Ẹja kì í sunkún. Bí ó bá sunkún ńkọ́,
ta ni yóò rí omijé nínú omi?

Mo gun ọ̀kadà dé Òkè-Fìà, lọ́dọ̀ Káríìmù,
ọmọkùnrin tó ń ta ẹja wíwò.
Ó bi mí bí mo ṣe pààrọ̀ omi. Mo sọ fún un.
Ó dákẹ́ bíi dókítà.
"Bàbá, oògùn wà nínú omi ẹ̀rọ.
Ẹ fi í sílẹ̀ nínú bàsíà di ọ̀la kí oògùn náà fò lọ.
Ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù mọ́, ìdámẹ́rin ni kí ẹ máa yọ.
Iyọ̀ díẹ̀. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí afẹ́fẹ́ má sì tán nínú rẹ̀."
Mo ní ṣé kí n kúkú gbé e lọ sínú Ọ̀ṣun,
níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ju ìwọ̀ sómi.
Ó ní, "Ẹja yìí kò mọ Ọ̀ṣun. Inú ike ni wọ́n bí i sí.
Ṣé àrùn lẹ fẹ́ gbé lọ fún àwọn ẹja Yèyé?"
Ojú tì mí.

Àyọ̀ká ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń wo bí mo ṣe ń fi ṣíbí tíì wọn iyọ̀.
Ó ní, "Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn èṣí,
parasítámọ́ọ̀ lẹ rà, lẹ bá lọ lẹ táyà."
Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka owó.
Mo ro omi títí, mo ń wá èsì,
iyọ̀ nìkan ló yòrò.

Lóru ọjọ́ kẹfà, iná lọ.
Ẹ̀rọ kékeré tó ń tu ìfófòó sínú omi dákẹ́.
Pupayẹmí bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.
Ogún ọdún ni mo ti ń fún nǹkan ní afẹ́fẹ́ ní Ọlá-Ìyá:
táyà akẹ́rù, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ iléèwé.
Mo fa tíúbù ọ̀kadà kan jáde lábẹ́ bẹ́ńṣì,
mo fi pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ ẹ títí ó fi le,
mo so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu,
mo tú u díẹ̀. Díẹ̀ sí i.
Fọ́ọ́ọ́. Pọ́, pọ́, pọ́.

Àyọ̀ká jí. Kò sọ nǹkan kan.
Ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi títí ọwọ́ fi ń ro ó,
ó wá fi ọwọ́ kejì dì í mú.
Bí tíúbù bá ti rọ̀, mo tún un fẹ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ka hóró náà láàárọ̀: mọ́kànlá.
Mẹ́tàdínlógún ni lánàá, àbí ojú mi ni.
Ó jẹ oúnjẹ ẹyọ kan, ó tu ú, ó tún un jẹ.
Níta, ẹnìkan ń pè: "Fọkanáísà! Táyà mi jò o!"
Mo ní kó ṣe sùúrù, a ní aláìsàn nílé.
Àyọ̀ká ti sùn lórí àga, tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé e níwájú orí.
Kò gbóná.
Mo fi í síbẹ̀ fúngbà díẹ̀.