Etí Òbìrìkìtì

Ṣàgámù, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí.
Iná ìjọba ti lọ láti àná,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn ilé òkú,
àpótí olóoru sì gbóná bí abẹ́ adìyẹ tó sàba.
Ibẹ̀ ni mo tẹ́ ọ sí, ìwọ tí ojú lásán kì í rí,
kí o jẹun, kí o bímọ, kí n lè mọ̀ ọ́.

Lórí àwo tó dì bí ẹ̀kọ àárọ̀
ni mo ti fi òwú pa ọ́ káàkiri,
lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń gbálẹ̀ àgbàlá:
síhìn-ín, sọ́hùn-ún, kí n tó yí etí àwo ká.
Mo wá to bébà róbótó lé ọ lórí,
wọn ò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mu oògùn tirẹ̀ yó.
Pẹnisilíìnì wà láàárín wọn, àgbà ilé.

Ẹsẹ̀ Màmá Ọ̀ṣínọ́wọ̀ lo ti wá.
Oko obì ni, lọ́nà Òdè Rẹ́mọ,
àdá yọ̀, ó bá gìgísẹ̀.
Ó ra kapusù méjì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì,
ó lò ó, ó dúró. Ọgbẹ́ tún wú, ó tún ra méjì.
"Nígbà tí kò dùn mí mọ́, kí ni kí n tún máa gbé mì?"
Kò mọ̀ pé owó ilé-ìwé rẹ lòun ń san,
méjì méjì.

Mo gbé àwo sókè síbi fèrèsé.
O ti hù bo gbogbo ilẹ̀, bí ìyẹ̀fun tí ìrì sẹ̀ sí,
àfi yíká bébà náà, níbi tí ilẹ̀ ti pá.
Mo fa rúlà yọ, mo wọn òbìrìkìtì pípá náà:
mìlímítà méjìdínlọ́gbọ̀n.
Ìwé ara ògiri ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti tó.

Ọnàfẹ̀sọ̀ ọmọ rẹ̀ jí lórí bẹ́ǹṣì,
àṣíborí ọ̀kadà lábẹ́ apá rẹ̀.
"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí kò wọ́n yẹn ńkọ́? Ṣé ó pa á?"
Ó kù díẹ̀ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Adéfọwọ́rà tó kọ́ mi níṣẹ́,
ẹni tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn,
a máa ní: "Bó ti fẹ̀ tó nìkan kọ́, Gbénúọlá.
Fetí sí etí."
Bí oògùn bá ràn wọ́n lóòótọ́,
etí òbìrìkìtì á máa ṣá díẹ̀díẹ̀
bí etí odò Ìbú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn:
iyanrìn, omi, o ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.
Bó bá gé gbáú
bí ẹnu kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì,
a jẹ́ pé wọ́n ti tò síbẹ̀, wọ́n ń tu itọ́ kan
tó ń já oògùn sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń bọ̀.
Rúlà ò lójú tó fi ń rí ìyẹn.

Mo yí àwo sí ìmọ́lẹ̀.
Etí rẹ gé.
Mo tún un yí, bóyá ojú oorun ni.
Ó gé.

Mo kọ ọ́: Pẹnisilíìnì, ó kọ̀.
Ampisilíìnì, ó kọ̀.
Klọksasilíìnì, ó gbà.
"Èló ni ti ìsàlẹ̀ yẹn?" Mo sọ fún un.
Ó ka owó ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò pọ̀ sí i,
ó kó àṣíborí rẹ̀, ó jáde.
Mo sáré tẹ̀ lé e: "Kó lò ó tán o!
Kó má tilẹ̀ dùn ún mọ́, kó lò ó tán!"
Ẹ́ńjìnnì ti gbé ohùn mi mì.

Ìwọ, mo gbé ọ lọ sínú ìkòkò tí ń fi ooru pa nǹkan.
Mi ò bú ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gidi ni ọ́,
àwa la máa ń sá kúrò ní kíláàsì.
Mo fọ ọwọ́. Jẹnẹrétọ̀ kú.
Ìtọ̀ ọmọ kan láti Ìpéru ń dúró lórí tábìlì.