Afẹ́fẹ́ Inú Páìpù

Sátidé, aago méje kò tíì lù ní Dunstable,
ìrì dídì ti fi ẹfun kun gíláàsì ọkọ̀.
Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí fíríìjì tí Bísọ́ládé rà lọ́dún tó kọjá,
orí mi wà lábẹ́ Bẹ́dífọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mi wà lójú títì;
ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ọkọ̀ ló gbé mi mì.

Ọkọ̀ tó fi ọdún méjì jù mí lọ.
Àná ni mo pààrọ̀ fíltà rẹ̀,
ọwọ́ tí mo fi tú u náà ni mo fi dì í,
láti ìgbà náà ni kò ti dá mi lóhùn.
Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ní họ̀ọ̀n, họ̀ọ̀n,
bí arúgbó tí wọ́n jí láàárín oorun,
ó tún kọjú sógiri.
Èéfín funfun díẹ̀, bí èémí ẹṣin.
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tiwalọlá ọmọ mi ní kí n fín éétà sí i nímú.
Mo ní rárá o.
Ẹ́ńjìnnì tó bá ti mọ adùn éétà
kò ní jí lówùúrọ̀ mọ́ àfi tó bá mu.
Mo ti rí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí. N kò fẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni n kò tíì ṣe?
Bátìrì sun pálọ̀ mọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà, Bísọ́ládé kùn títí.
Epo kún táǹkì.
Mo fún bóòtù kan, mo tún un fún,
ó ké kẹ́ẹ́, ó já mọ́ mi lọ́wọ́.
Bàbá mi a máa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,
ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.
Kò sọ fún mi pé ó máa ń já.

Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀;
òun ní í fi wẹ́ẹ̀jì há táyà nígbà tí ẹrù bá wúwo ju òkè lọ.
Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan náà.
Ó kú láìmọ̀ pé ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́
ni èmi yóò ti máa san owó ilé.

Ìyáàfin Pettigrew sọdá wá nínú aṣọ àwọ̀sùn.
Mo mọ̀: ariwo ni, èéfín ni, lẹ́tà káńsù ni.
Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.
Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí,
ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé irin,
ó ní kí Tiwalọlá tún yí kọ́kọ́rọ́.
"Afẹ́fẹ́ ni. O ti fi afẹ́fẹ́ há a lọ́fun."

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi dán pọ́ǹpù wò nílé iṣẹ́ wọn
kí wọ́n tó wó o.
Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń gbé òpópónà kan.
Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan la jọ ń sọ.

Ó ní kí n tú nọ́ọ̀tì orí fíltà, ìdajì yípo péré.
Mo ń tẹ apá pọ́ǹpù, fíṣọ̀, fíṣọ̀,
epo ń yọ ìfófòó bí omi ọṣẹ,
ó ń yọ ọ́, ó ń yọ ọ́,
títí ó fi ń ṣàn geere láìsọ̀rọ̀.
"Dì í." Mo dì í. Jẹ́jẹ́.
Ó wá ka nọ́súlù bí ẹni ka orúkọ ọmọ:
ọ̀kan, márùn-ún, mẹ́ta, mẹ́fà, méjì, mẹ́rin,
bí wọ́n ṣe ń jó nìyẹn,
bóyá jíjó iná ni, bóyá jíjó ẹsẹ̀.

Gbì.
Gbì, gbì.
Èéfín dúdú lu aṣọ funfun tí ará kejì sá,
gíláàsì fèrèsé gbogbo ilé ń gbọ̀n.
Ìyá náà kò gbé ọwọ́ kúrò lára irin.
Kò sì dá ẹ̀rọ padà sétí.

Epo ṣì ń kán lábẹ́, tó, tó.
N óò wò ó lọ́la.