Ìbọ̀wọ́ Pupa

Ẹ má fi í wé àwọn òkè tí wọ́n ń yà sára káàdì.
Òkè tiwa kò gùn,
ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ kan ní Otobetsu tí kò tíì gùn ún.
Òkè Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé là ń pè é,
nítorí ẹ̀yìn ilé-ìwé náà ló wà.
Kékeré labẹ́rẹ́;
ẹ bi adìyẹ léèrè.

Àga mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló rọ̀ sórí wáyà,
ẹnì kan sí àga kan.
Genzo ló ń fi ìgbálẹ̀ gbá yìnyín kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan
kí ọmọ ènìyàn tó jókòó.
Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti ń wò ó,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi Sumie tí mò ń se ìrẹsì àti kọ́rì:
á gbá a, á tẹríba, "Ó yá, jókòó."
Nígbà mìíràn àga á dé lófìfo.
Á gbá a. Á tẹríba fún un.

Bí wọ́n bá tan iná lálẹ́,
òkè náà á dà bí aṣọ funfun tí ẹnì kan sá tó gbàgbé láti ká.
Àwọn ọmọ á so pákó ìyọ̀ mọ́ ẹsẹ̀,
fìì, fìì, gbì!
Ẹni tó ṣubú ló kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ yìnyín kì í ṣe onílé.
Tó bá di oṣù kẹrin á kó ẹrù rẹ̀,
á dá ohun tó gbà lọ́wọ́ wa padà:
ìbọ̀wọ́, owó idẹ, eyín ọmọdé kan.
Genzo á ṣà wọ́n, á fi wọ́n kọ́ okùn lẹ́nu ọ̀nà mi
bí ẹja gbígbẹ.
Nígbà náà la ó máa já warabi,
ewé tó ń yọrí bí ọwọ́ ọmọ tuntun tó di ẹ̀ṣẹ́.
Nígbà ooru, àwọn àgbà á gbé ọ̀pá wọn dé,
wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò lórí koríko.
Ìyá Kinoshita, ẹni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún,
"Mélòó lẹ gbá?"
"Mẹ́ta."
Mẹ́fà ni. Gbogbo wa la kà á.

Lọ́dún yìí, ọmọ mẹ́ta ló kù ní ilé-ìwé.
Wọ́n pe ìpàdé. Ẹnì kan mú ìwé ìṣirò wá:
epo, wáyà, iná, ó kà á tán pátá.
Genzo ò sọ nǹkan kan.
Ó gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn kó tó lọ sílé.

Oṣù kìíní ni Chinatsu, ọmọ onígbàjámọ̀, ti Sapporo dé,
òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.
Ó dúró nídìí okùn ìbọ̀wọ́. Ó dákẹ́.
Pupa kan, ti ọwọ́ òsì,
orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi yíǹkì kọ ṣì wà nínú rẹ̀,
lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún.
Ó kì í bọ ọwọ́; ìka méjì ló wọlé.
Ó nà án sí ọmọ. Ọmọ gbóòórùn rẹ̀:
"Màmá, eku ti bímọ síbí."
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹni tí omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àga kẹtàdínlógún ló kàn án. Genzo gbá a, ó tẹríba.
"Bàbá, ṣé ẹ ó gbá a lọ́la?"
Ó wo ojú ọ̀run.
"Bí yìnyín bá wá, mo wà ńbẹ̀."
Àga ń ké kíì, kíì, ó ń gòkè lọ,
èmi náà ń wò ó,
kọ́rì mi sì ti ń jóná.